Máìlì tí Ìyàwó Ń Pọn fún Ìyáálé

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wàhálà dé, kò sí Olófòófó lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́ Àwẹ̀ró. Ìdí nìyẹn tí ìyá náà fi gba ọ̀nà oko, láàárín ebè iṣu, tí ó ń rọra tẹ pẹ́dà bí ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rẹ ọmọ lẹ́kún. Ọyẹ́ ti mú. Eruku funfun ti bo orí igi, ètè ń bó, àmọ́ ìyẹn kò ní kí orin má wà lẹ́nu ìyá:

Yí lọ, yí lọ, ìwọ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́,
Ọ̀nà kì í sá fún ẹni tí ń rìn.
Bó yá, màá dé,
Bó pẹ́, màá dé,
Ẹni tí ń retí mi kò tíì palẹ̀ àwo mọ́.

Bí ó bá rí ẹni tí ń kọ ebè, á tẹ bíréèkì, á sọ̀ kalẹ̀, á fi ìbàdí gbé kẹ̀kẹ́ dúró, á kí onítọ̀hún kú iṣẹ́. Á béèrè ìyàwó, á béèrè ọmọ, á béèrè ewúrẹ́ tó bímọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, kí ó tó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà. Lójú títì ìlú, ta ló jẹ́ dán irú rẹ̀ wò? Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ láti kí ènìyàn, Olófòófó á ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Agogo ni wọ́n fi ń kí ara wọn lójú títì: kíríń kan fún ẹgbẹ́ ẹni, kíríń mẹ́ta fún àgbà, kíríń gígùn kan fún òkú tí wọ́n ń gbé kọjá.

Olófòófó ni àwọn ará Òkè-Ìgbín ń pe òǹkà tó máa ń jókòó sí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ohun dúdú kan ni, kò ju ẹyọ obì lọ, ṣùgbọ́n ó mọ iye máìlì tí ènìyàn rìn lójúmọ́, ó mọ bí ó ti yára tó, ó sì mọ ibi tí ó ti dúró tu itọ́. Orúkọ tí ìjọba sọ ọ́ gùn bí òjò àrọ̀ọ̀dá, kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀ mọ́.

Àwẹ̀ró kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò àtijọ́ kan tó ti rì sínú ilẹ̀ dé ojú fèrèsé, ibi tí adìyẹ Bàbá Lánihún ń yé sí lórí ìjókòó awakọ̀. Bàbá Lánihún fúnra rẹ̀ wà lórí ebè. Bí ìyá ṣe sọ̀ kalẹ̀ tó kí i, bàbá nà ró, ó gbára lé ọkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní òun rí orúkọ rẹ̀ lójú pátákó níwájú ààfin lánàá, ipò kejì ní gbogbo Òkè-Ìgbín, máìlì mẹ́tàdínlógún lójúmọ́, eré tó tó máìlì mẹ́tàlá ní wákàtí kan. Ó ní òun kò sì tíì rí i kí ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko òun kí ìgbín má yà á sílẹ̀. Ó ní bóyá ojú àlá ló ti ń sá eré náà. Àwẹ̀ró dá a lóhùn pé ẹsẹ̀ àgbà dà bí oyún, ibi tí ó ti ń dàgbà, ojú kì í rí i. Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín náà kò tíì tán lẹ́nu wọn tí Fẹ̀hìntọlá fi já dé láti ojú títì, tí táyà kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń tu eruku bí ẹṣin. Ìyàwó Àwẹ̀ró ni. Ọkọ kan ló fẹ́ àwọn méjèèjì. Ọkọ náà ti kú lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, wọ́n sì sin ín sí ẹ̀yìnkùlé. Àwẹ̀ró ni ìyáálé, ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni. Fẹ̀hìntọlá ni ìyàwó ìkẹyìn, ọdún méjìlélógójì, ọmọ méjì lọ́wọ́, itan bí òpó.

"Ìyáálé mi," ló wí, kò tilẹ̀ rántí kúnlẹ̀, "wọ́n ń pè yín."

"Ta ló ń pè mí?"

"Ilé Ẹ̀jẹ̀ ni."

Ó nawọ́ sí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Olófòófó Àwẹ̀ró ló wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n bí ojú ẹyẹ àdàbà. Ohùn kan sì ń jáde nínú rẹ̀, ohùn dídùn bí ti ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, tó ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ: pé kí Àwẹ̀ró Ògúndélé gbọ́, pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló yá jù lọ ní tòsí, pé obìnrin kan bí ìbejì ní Ìdí-Arère láàárọ̀ yìí, ẹ̀jẹ̀ sì ń ya lára rẹ̀, kò dá, pé àpótí ẹ̀jẹ̀ ti wà nílẹ̀, ó ku ìṣẹ́jú márùndínlọ́gọ́rin.

Bàbá Lánihún gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wo ìyáálé, ó wo ìyàwó, ó wo òǹkà tó wà lórí kẹ̀kẹ́ tí kì í ṣe ti olówó rẹ̀. Ló bá yí ẹ̀yìn sí wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè bí ẹni tí etí rẹ̀ di. Ọlọ́run bù kún irú àwọn bẹ́ẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Kẹ̀kẹ́ kò pọ̀ ní Òkè-Ìgbín, ìlú ló ni ín. Ẹni tí kò bá rin máìlì mẹ́rin lójúmọ́ fún oṣù kan gbáko, á gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, wọ́n á sì fi kẹ̀kẹ́ ẹrù gbé òun náà lọ sí Àgbàlá Ìsinmi ní ìsàlẹ̀ ọ̀dàn, ìrìn ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ní ibẹ̀ dára. Wọ́n ní wọ́n ń fún wọn ní ẹ̀kọ gbígbóná láàárọ̀, wọ́n sì ń tẹ́ ibùsùn fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó lọ síbẹ̀ kì í bọ̀. Àwọn àgbà fúnra wọn ló kọ́kọ́ bẹ ìjọba pé kí wọ́n má fi ọjọ́ orí dá àwọn lẹ́jọ́ mọ́, nítorí àgbà tó lágbára ju ọmọdé lọ wà. Ìjọba gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wọn. Láti ìgbà náà, òǹkà kì í béèrè ọjọ́ orí ẹnikẹ́ni, ẹsẹ̀ nìkan ló mọ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ ọdún yìí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ eékún Àwẹ̀ró, Olófòófó kìlọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kíní, ó kìlọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyàwó rẹ̀ ló bá a lẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ kan tí ó jókòó ti sàréè ọkọ wọn, tí ó ń kọrin ìdágbére wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ fún un.

Ní ilé tí wọ́n bí Fẹ̀hìntọlá sí, ìyàwó ní ń pọn omi fún ìyáálé. Ní Òkè-Ìgbín, omi ti ń bá páìpù wọlé, kò sí ohun tí ìyàwó lè pọn mọ́ tí ìyáálé á fi mọ̀ pé òun níyàwó. Ní àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ kejì, ó dé ẹnu ọ̀nà Àwẹ̀ró, ó kúnlẹ̀, ó ní kí ó yọ òǹkà rẹ̀ fún òun, kí òun bá a pọn tòní wá. Bí ó ṣe ń ṣe nìyẹn fún oṣù mẹ́ta. Láàárọ̀, á de Olófòófó ìyáálé mọ́ kẹ̀kẹ́, á fi tirẹ̀ sílẹ̀ sínú ìkòkò. Lọ́sàn-án, á fi tirẹ̀ rin ìrìn ti ara rẹ̀.

Àṣìṣe wọn kò ju ẹyọ kan lọ. Máìlì mẹ́rin ló yẹ kí ó máa pọn. Máìlì mẹ́rin pérépéré, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí arúgbó. Àwẹ̀ró sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ó sì dáhùn pé òun gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ní ń pọn omi ààbọ̀ ìkòkò fún ìyáálé? Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti dójú títì tó rántí ẹni tí ó ń pọn ọ́n fún, ojú á tì í láti dín in kù. Ó pọn ọ́n kún, ó pọn ọ́n ṣàn, títí orúkọ Àwẹ̀ró fi gun ojú pátákó lọ bí ìtàkùn tó gun igi. Ìyá rẹ́rìn-ín sí i. Inú rẹ̀ dùn jù láti bá a wí. Oṣù mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò fi ka ẹsẹ̀ rẹ̀ yìí, ó ní kò sí ìgbà tí òun gun kẹ̀kẹ́ dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí òun ti wà lọ́mọge.

Àsìkò ẹ̀rín ti wá tán. Ní àsìkò òjò, ẹ̀rọ tí ń fò lójú ọ̀run ní ń gbé ẹ̀jẹ̀ kiri, ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́ a máa já wọn lulẹ̀, nítorí náà ẹsẹ̀ ènìyàn ni wọ́n fi ń rọ́pò wọn. Ìyáálé àti ìyàwó dúró lójú ọ̀nà oko, wọ́n ń wo ara wọn.

Fẹ̀hìntọlá ní òun ìbá ti lọ fúnra òun, kì í ṣe ìnira rárá, ṣùgbọ́n àpótí kì í kúrò lára ògiri Ilé Ẹ̀jẹ̀ bí kò ṣe pé àtẹ́lẹwọ́ ẹni tí wọ́n pè kàn án, kì í sì í ṣí ní ibi tí wọ́n gbé e lọ bí kò ṣe pé àtẹ́lẹwọ́ kan náà tún kàn án. Àwẹ̀ró ní ó rọrùn, kí àwọn sọ òótọ́ fún akọ̀wé òǹkà, ẹni tí ń bójú tó òǹkà gbogbo ìlú, kí ó yí àpótí sí ọwọ́ Fẹ̀hìntọlá. Ìyàwó mú un lọ́wọ́.

"Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ka máìlì fún ẹlòmíràn, ẹ mọ ibi tí wọ́n ń gbé e lọ."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án wà lọ́wọ́ mi."

Àwẹ̀ró rò ó pé tó bá jẹ́ pé òun ni wọ́n máa gbé, ó tán. Ṣùgbọ́n òfin kò kà á bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gun ún ni òfin ń wá, kì í ṣe ẹni tí wọ́n gun ún fún. Fẹ̀hìntọlá ní kí àwọn jọ lọ. Ó ní kí ìyáálé òun jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ òun, kí ó gbé àpótí lé itan, òun á tẹ̀ ẹ́, àtẹ́lẹwọ́ á dé Ìdí-Arère, kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Ìyá mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ẹni méjì lórí kẹ̀kẹ́ kan kì í ṣe ẹni kan. Ó mọ òkè tó wà lójú ọ̀nà náà, òun náà ti gùn ún rí. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù jẹ́ ohun kan tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ọgbọ́n. Ó gbà. Ó ti kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ sínú koríko, wọ́n lọ.

Ilé Ẹ̀jẹ̀ wà ní ìkóríta, yàrá funfun kékeré kan tí kò ní ènìyàn nínú. Bí Àwẹ̀ró ṣe gbé ọwọ́ lé ògiri, ògiri kí i, ó pè é lórúkọ gbàgà, kò fi ìyá ṣáájú, kò fi màmá tẹ̀ lé e. Àpótí bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó tutù bí ìdí àmù, kò sì wúwo ju ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ lọ. Ohun tó tutù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi gba ẹ̀mí ẹni tí ara rẹ̀ ń gbóná. Olófòófó ní ó ku ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́rin, ọ̀nà jẹ́ máìlì mọ́kànlá.

Ilẹ̀ tẹ́jú fún máìlì mẹ́fà àkọ́kọ́. Fẹ̀hìntọlá tẹ̀ ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ bí ẹni tí ń wá abẹ́rẹ́, ṣéènì ń dún. Àwọn tí wọ́n pàdé lu agogo kíríń mẹ́ta fún ìyá tó wà lẹ́yìn, wọ́n yẹjú kúrò lára ohun tí wọ́n rí. Nígbà tí ó rẹ ìyàwó, Àwẹ̀ró dá orin sí i lẹ́yìn, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ lù ú jẹ́jẹ́ ní ìbàdí kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè rí ohun tẹ̀ lé:

Ìyàwó ilé wa, tẹ̀ ẹ́,
Ìyá ìbejì ń pè ọ́, tẹ̀ ẹ́,
Ọ̀nà gùn, kò gùn tó ẹ̀mí, tẹ̀ ẹ́,
Bí a bá dé tán, a ó jókòó, tẹ̀ ẹ́.

Orin náà gbé wọn dé ẹsẹ̀ òkè. Níbẹ̀ ni Olófòófó ti tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò yí padà: ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún, ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró Ògúndélé kò yá tó bí ó ti máa ń yá, ṣé ara rẹ̀ le?

Òkè bẹ̀rẹ̀. Máìlì méjì ni, ó lọ́ bí ìfun. Ní ìyípo kìíní, Fẹ̀hìntọlá dìde dúró lórí pẹ́dà. Àwẹ̀ró ní kí ó jẹ́ kí òun sọ̀ kalẹ̀ kí òun máa ti kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tì í dé ibi tí mímí rẹ̀ ń dún bí ẹwìrì. Ìyàwó ní kí ó padà jókòó. Ó padà jókòó. Wọ́n rìn díẹ̀. Ní ìyípo kejì, kẹ̀kẹ́ dúró fúnra rẹ̀, Fẹ̀hìntọlá fi ẹsẹ̀ kan gbé ara rẹ̀ dúró, ó gbé orí lé ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ẹkún ń mì í léjìká.

"Ó ku mélòó?" ni Àwẹ̀ró bi í.

"Mọ́kàndínlógún."

"Ìwọ nìkan, o lè dé?"

Fẹ̀hìntọlá nu ojú, ó gbé ẹsẹ̀ padà sórí pẹ́dà. Àwẹ̀ró sọ̀ kalẹ̀. Ó ronú kan obìnrin tí kò mọ̀, tí ọmọ méjì ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí kò sì mọ̀ pé ní àkókò yìí, ẹ̀jẹ̀ òun ń dúró lójú ọ̀nà nítorí pé obìnrin méjì ń bẹ̀rù. Ó na ọwọ́ gba iwájú ìyàwó rẹ̀ kọjá, ó tẹ inú Olófòófó ní ibi tí wọ́n ń tẹ̀ láti fi pe akọ̀wé.

Akọ̀wé Látúndé ló jẹ́ ìpè náà, ọkùnrin kan tí a bí ní àdúgbò wọn. Àwẹ̀ró kò kí i. Ó ní òun ni Àwẹ̀ró, pé kì í ṣe òun ló ń gun kẹ̀kẹ́, pé òun kò gun máìlì mẹ́tàdínlógún rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun. Ó ní kí ó yí àpótí sí ọwọ́ Fẹ̀hìntọlá Ògúndélé kíákíá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló yá, òun sì ló wà lórí kẹ̀kẹ́ báyìí.

Látúndé sọ̀rọ̀, kò sì sọ ọ́ bí akọ̀wé. "Ìyá, ohùn yín ń wọlé o. Ohun tó bá ti wọlé, n kò lè mú un jáde."

"Jẹ́ kó wọlé. Ṣí i fún un."

"Mo ti yí i. Kí ó gbé ọwọ́ lé e. Mo gbọ́dọ̀ béèrè. Ṣé ó mọ̀ pé òǹkà yín ni òun ń gùn?"

Fẹ̀hìntọlá yanu. Àwẹ̀ró gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lẹ́nu, ó sì dì í.

"Kò mọ̀," ni ìyá wí. "Abẹ́ ìjókòó kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń fi í pamọ́ sí láàárọ̀ kí ó tó jí. Ọmọ ènìyàn ni, kì í yẹ abẹ́ ìdí ara rẹ̀ wò."

Ó mú ọwọ́ ìyàwó, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ àpótí títí ojú àpótí fi di àwọ̀ ewé, ó sì de àpótí mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti jókòó. Ló bá gbé ọwọ́ méjèèjì lé Fẹ̀hìntọlá lẹ́yìn, ó tì í. Kẹ̀kẹ́ náà gbéra bí ohun tí wọ́n tú okùn lọ́rùn rẹ̀. Ìyàwó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Ó ṣẹ́ kọ́nà.

Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ gun òkè. Ó wá orin, orin kò wá. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí i rí. Lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ kú pàápàá, ó rí ọ̀kan kọ. Ó ń ka ìgbésẹ̀ rẹ̀ láìmọ̀, nígbà tí ó sì mọ̀ pé òun ń kà á, ó bínú sí ara rẹ̀, ó dẹ́kun. Oòrùn ọyẹ́ là, kò mú, kò sì tutù. Àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá lu agogo fún un. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ dúró, ó rí òǹkà ara rẹ̀, ó tẹ̀síwájú.

Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan ààbọ̀ tí ó ti ń rìn kí ó tó rí Fẹ̀hìntọlá tí ń bọ̀ láti òdìkejì òkè. Kò gun kẹ̀kẹ́. Ó ń gbé ìdí kẹ̀kẹ́ sókè, táyà iwájú nìkan ló ń yí. Èyí tó wà lẹ́yìn ti gan, àwọn akọ̀wé òǹkà ti tì í pa láti ọ̀nà jíjìn. Àwẹ̀ró dúró sí ibi tí ó wà, nítorí ẹ̀rù ń bà á láti rìn pàdé ọ̀rọ̀ náà.

"Ó yè," ni Fẹ̀hìntọlá wí láti òkèèrè, nítorí ó mọ ohun tí ìyáálé rẹ̀ ń dúró dè. "Ó ku ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ tí mo wọlé. Wọ́n ti ń pè é, kò dáhùn. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ wọ inú rẹ̀, ó la ojú, ó ní kí wọ́n fún òun lómi."

Àwẹ̀ró jókòó sórí àpáta lẹ́bàá ọ̀nà. Ó sunkún díẹ̀, ó fi ìdí aṣọ nu imú. Lẹ́yìn náà ló tó rí táyà tó gan náà dáadáa, ló wá bi í pé kí ló dé tí wọ́n fi ti kẹ̀kẹ́ ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Fẹ̀hìntọlá gbé kẹ̀kẹ́ ti igi. Ó ní bí àwọn agbẹ̀bí ṣe gba àpótí lọ́wọ́ òun tán, Látúndé tún pè, ó ní kí òun fi ohùn ti ọ̀rọ̀ ìyáálé lẹ́yìn, pé òun kò mọ̀. Kí òun ṣáà ti ní bẹ́ẹ̀ ni, ó tó tán. Òun sì wo obìnrin tó wà lórí ibùsùn yẹn, òun kò lè sọ ọ́.

"Kí lo wá sọ?"

"Mo ní irọ́ ni ìyáálé mi pa. Mo ní èmi ni mo mọ̀ ọ́n, èmi ni mo gùn ún, kò sẹ́ni tó rán mi."

Àwẹ̀ró wò ó. Ó fẹ́ bú u, èébú kò wá, bí orin ṣe kọ̀ tí kò wá lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kí ó wá jókòó. Fẹ̀hìntọlá jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ṣí ọwọ́, Olófòófó wà nínú rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní Látúndé ní kí òun gbé e wá fún ìyáálé òun. Kò pẹ́ tí ohùn Látúndé jáde nínú rẹ̀, ó rẹ ọkùnrin náà tẹnutẹnu. Ó ní òun ti gba ẹ̀sùn kan, òun sì ti gba ẹni méjì tó ní àwọn ló jẹ̀bi, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n a máa ti ẹ̀bi kúrò lára ni, wọn kì í jà du ú. Ẹ̀rọ kò lè gba ju orúkọ kan lọ. Ẹ̀sùn kan, orúkọ kan. Ó ní kí wọ́n jọ sọ ọ́, kí ẹnì kan sọ orúkọ kan kí aago mẹ́ta ọ̀sán tó lù. Kẹ̀kẹ́ ẹrù ń lọ sí ọ̀dàn láàárọ̀ ọ̀la. Ẹnì kejì á gba kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà. Ó ní òun bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n má jẹ́ kí òun ló yàn.

Wọ́n jókòó. Afẹ́fẹ́ ń gbé eruku kọjá ní iwájú wọn. Fẹ̀hìntọlá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní òun ti rò ó. Àwọn ọmọ mọ ìyá àgbà wọn ju bí wọ́n ṣe mọ òun lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, orin rẹ̀ ni wọ́n fi ń sùn. Òun ṣì lágbára, òun lè fara da ọ̀dàn, bóyá òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa padà láti ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé ìyáálé òun lọ láàárín ọyẹ́ yìí, wọn kò ní gbé e délé. Ó sọ ọ́ létòlétò, bí ẹni tó ti ń ṣètò rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti ń gbé kẹ̀kẹ́ bọ̀ lórí òkè. Kò sí ibi tí ó kù sí. Àwẹ̀ró gbọ́ ọ títí dé òpin, ó ń fi ọwọ́ kan orúnkún ara rẹ̀ bọ̀ lọ.

"Ìyàwó," ló wí nígbẹ̀yìn, "nígbà tí bàbá wọn wà láyé, tó bá gbé ẹran ìgbẹ́ wọlé, tí a bá gé e sílẹ̀, ta ní ń kọ́kọ́ nawọ́ mú?"

Fẹ̀hìntọlá gbé ojú sókè. Ó ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. "Ẹ má ṣe èyí sí mi."

"Ìbéèrè ni mo bi ọ́."

"Ẹ̀yin ni, ìyáálé mi."

"Bó bá jẹ́ itan?"

"Ẹ̀yin ni."

"Bó bá jẹ́ egungun ńkọ́?"

Ìyàwó gbé iwájú orí lé eékún ìyáálé rẹ̀. Ohùn rẹ̀ wọlé sínú aṣọ. "Ẹ̀yin náà ni."

"Kí ni ìdí?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ wọlé."

Àwẹ̀ró na ọwọ́. Ìkúùkù Fẹ̀hìntọlá wà ní dídì mọ́ Olófòófó, ìka rẹ̀ funfun. Ìyá kò fà á. Ó jẹ́ kí ọwọ́ òun wà níbẹ̀ ní ṣíṣí, bí wọ́n ṣe máa ń nawọ́ nídìí àwo. Ìka kan ṣí. Òmíràn tẹ̀ lé e. Fẹ̀hìntọlá dìde nílẹ̀ tó jókòó sí, ó kúnlẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

Àwẹ̀ró gbé e sún mọ́ ẹnu, ó tẹ inú rẹ̀, ó sì sọ orúkọ ara rẹ̀.